Ọ̀bẹ Kan Dín Lára Ògiri

Kí n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sára ògiri. Mo kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ibẹ̀, mo sì fi awọ tín-ín-rín ṣe òrùka òrùka sára pákó náà. Inú àwọn òrùka yẹn ni mo máa ń ki ọ̀bẹ tí mo bá ti ṣe tán bọ̀, tòun ti àkọ̀ rẹ̀, títí ẹni tó ni ín á fi wá gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òrùka kan ṣófo.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó jábọ́ ni. Mo wo ilẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì, mo gbé awọ tí mo ká jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kúrò, mo tú agolo tí mò ń kó ìlu àti abẹ́rẹ́ sí. Kò sí. Ìgbà tí mo wá rántí ọ̀bẹ tó yẹ kó wà nínú òrùka yẹn, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, obìnrin alápatà kan ní Asese ló ní kí n bá òun ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ ẹran kúrò lára egungun. Kò gùn, kò sì wúwo, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà lára ògiri, òun ló mú jù. Mo ti fi dán irun apá mi wò, ó fá a mọ́ tónítóní.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kò bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ò jálẹ̀kùn. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀sán àná ni ọ̀bẹ náà ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án àná.

Mòwé là ń gbé, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Bí gbogbo ilé bá dákẹ́, a máa ń gbọ́ bí tírélà ṣe ń lọ. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, àwa ayálégbé pọ̀ níbẹ̀, Ìyá onílé sì ń gbé yàrá tó wà níwájú pátápátá. Èmi gba àyè kan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nítòsí kànga, mo fi páànù bò ó, mo fi pákó yí i ká, ibẹ̀ ni mo ń pè ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ìdílé aláwọ ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé awọ láìfi ṣòfò, bí wọ́n ṣe ń fi ìda pa òwú kó má baà jẹrà. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ lẹ́yìn tí mo dé Mòwé. Àkọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń ṣe fún ọ̀bẹ táwọn ẹlòmíràn rọ, ó wá sú mi kí àkọ̀ mi máa dára ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra ayùn ńlá tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn tó ń la pákó ní Ifọ̀ nìyẹn. Màá gé e, màá lọ̀ ọ́, màá tì í bọná títí á fi pọ́n yòò, màá sì rì í bọ inú òróró.

Ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án àná yẹn, Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó wá láti Akute, wọ́n gba yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ń wa típà tó ń kó yanrìn. Wọn ò tíì bímọ. Lọ́jọ́ kan tí mo ń rán àpò, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín rán ẹ̀gbẹ́ kejì." Mo fún un. Mo rò pé yóò bà á jẹ́, kò bà á jẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa òwú kó le láìjá. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ rẹ̀ bá ti gbé típà jáde, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, á jókòó sórí àpótí, á máa rán nǹkan, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

A máa ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá wọn. Kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ nínú ilé yẹn. Ohùn ọkùnrin náà kì í ga. Wàá kàn gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wàá wá gbọ́ kí nǹkan kan gbá mọ́ ògiri, gbogbo rẹ̀ á sì pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn Mòwé yẹn, ẹ̀wù alápá gígùn ni Ìyàwó máa wọ̀ jáde. Ìyá onílé ti pè é jókòó rí, ó ní kó fara dà á, pé bó bá bímọ, ọkùnrin náà á yí padà. Èmi ò bi í ní nǹkan kan. Mo máa ń rò pé bó bá fẹ́ sọ, á sọ.

Lọ́sàn-án àná yẹn, ó ń rán àkọ̀ kan lọ́wọ́, ló bá gbójú sókè wo ògiri.

"Àǹtí, nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ló mú jù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ó béèrè nípa iṣẹ́. Mo nawọ́ sí ọ̀bẹ obìnrin alápatà, mo ní, "Ìyẹn. Má wulẹ̀ fọwọ́ kan ojú ẹ̀ o, kò ní í jẹ́ kó o mọ̀ pé ó ti gé ọ." Òjò wá ṣú, mo sáré jáde lọ ká aṣọ tí mo sá. Nígbà tí mo padà dé, ó ti dìde, ó ní orí ń fọ́ òun.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, àwọn ọmọ wa sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀yọ́ torí ọlidé. Mo sọ fún un.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ta ló tún kù?"

Ó ní, "Má bá a sọ ọ́. Lọ bá Ìyá onílé."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ìyá onílé gan-an ń bà mí. Bí mo bá sọ fún un, á pe ọkùnrin náà, á ní kó wá gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí Ìyàwó nínú yàrá yẹn? Bí mi ò bá sì sọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Mo máa ń tẹ àmì ewé kékeré kan sára gbogbo ọ̀bẹ mi. Mo ń rí àmì yẹn lọ́kàn mi nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà míì ẹ̀jẹ̀ ọkọ ni, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ni, torí ọ̀bẹ tó bá wà nínú yàrá, ẹni tó bá lágbára jù lè gbà á. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ kanlẹ̀kùn wọn.

Ọkọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu mílíìkì inú ike.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù," ló wí. Ó tilẹ̀ dìde fún mi. Ó máa ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lára rẹ̀ nìyẹn. "Típà ti dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn mẹkáníìkì ní ó di ọjọ́ mélòó kan. Ṣé ìyàwó mi lẹ ń wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀gá dírẹ́bà. Òwú mi kan ni mo ní kó bá mi mú."

"Ó wà ní kíṣìnì."

Mo ń rìn lọ, mo mọ̀ pé ó ń wò mí láti ẹ̀yìn.

Kíṣìnì tí gbogbo wa jọ ń lò wà lẹ́yìn ilé. Ìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ń rẹ́ ilá pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná kan tó ti kú, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń tẹ ilá náà. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Níbo ló wà?"

Kò gbójú sókè. Mo rò pé yóò sọ pé òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní, "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níhà ibi tí mò ń sùn sí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀, Àǹtí."

Ìdáhùn yẹn dẹ́rù bà mí ju kó ní òun fẹ́ fi pa á lọ. Mo ní kó bá mi lọ mú un wá, n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀.

Ó fi ọ̀bẹ tó kú yẹn sílẹ̀. "Àǹtí, ó ti ń gbé ìrọ̀rí lé mi lójú báyìí. Kì í na èèyàn mọ́, torí ẹ̀yin ará ilé ń gbọ́. Ìrọ̀rí ló ń lò. Á gbé e kúrò nígbà tó bá wù ú. Bí mo bá fún yín ní ọ̀bẹ yẹn, kí ni màá fi dá ara mi sílẹ̀?"

Bó ṣe sọ̀rọ̀ yẹn tán ni òjìji ṣú bo ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ti dé, ó mú kọ́ọ̀bù dání, ó fẹ́ bu omi.

"Ẹ̀yin obìnrin," ó ń rẹ́rìn-ín, "òwú yẹn mà gùn o."

Mo rẹ́rìn-ín náà. Mi ò mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe jáde. Bóyá torí pé ọkàn mi ti kún fún ẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè ronú mọ́ ni mo ṣe sọ ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e. Mo ní, "Ọ̀gá dírẹ́bà, mo ní n tọrọ ìyàwó yín lọ́la ni. Mo fẹ́ lọ ra irin ní Ifọ̀, ẹrù náà á wúwo, mo fẹ́ kó bá mi gbé díẹ̀."

Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ifọ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mà ń gbé Ifọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Mi ò mọ̀ o," ni mo wí. Mo mọ̀. Ìyàwó ti sọ fún mi rí pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń ránṣọ níbẹ̀.

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wò mí. "Kò burú. Ẹ tètè dá a padà fún mi."

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ìyàwó jáde wá láìgbé báàgì kankan, torí ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn rí rọ̀bọ̀tọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ó ti wọ gbogbo aṣọ tó lè wọ̀ lé ara wọn. Ọkùnrin náà sìn wá dé géètì. Ó ní, "Ó dàárọ̀," bí ẹni ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ó dàbọ̀."

A wọ mọ́tò lẹ́bàá títì. Àárín ni mo jẹ́ kó jókòó sí, kí wọ́n má baà máa rí i láti ìta. Láti Mòwé dé Ìbafò, típà ló kún ojú títì, ti yanrìn, ti òkúta, gbogbo àwọn tó ń wà wọ́n ló mọ ọkọ rẹ̀. Bí èyí tó ń bọ̀ bá ti fọn fèrè, Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. A sọ̀, a wọ òmíràn tó gba Akute. Ibẹ̀ tún burú jù, torí ibẹ̀ làwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó fi gèlè bojú, ó fi orí lé èjìká mi bí ẹni tó ń sùn.

Bó ṣe sún mọ́ mi yẹn ni mo ṣe mọ̀. Nǹkan kan le ní ìbàdí rẹ̀, lábẹ́ aṣọ. Mo fọwọ́ kàn án, mo mọ àkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán.

"O mú un dání?"

"Mi ò lè fi sílẹ̀ fún un."

A ti ń sún mọ́ Ifọ̀ nígbà táwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò dúró. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n ṣí báàgì mi. Ó rí òòlù, ó rí ìlu, ó rí awọ tí mo gé ní àwòrán ọ̀bẹ.

"Kí lẹ ń fi èyí ṣe, Màmá?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, sà. Awọ ni mò ń rán."

Ó yí ojú sí Ìyàwó. Òógùn ti rin gèlè rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Kí ló ń ṣe é?"

"Ara rẹ̀ ni ò yá, sà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń mú un lọ."

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí irọ́ létí mi. Mò ń ronú pé bí wọ́n bá yẹ ara rẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí ọ̀bẹ níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ. Ọlọ́pàá náà wo aṣọ tó wọ̀ lé ara wọn yẹn. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní kí a wọlé, kí mọ́tò máa lọ. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó rò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì nígbà tí a dé. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ tí mo fẹ́ sọ, kò jẹ́ n sọ ọ́. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó dìde, ó ní, "Wọlé." Nínú yàrá, Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ọrùn rẹ̀, ó kígbe, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ìyàwó tú ọ̀bẹ kúrò ní ìbàdí, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò nílò ẹ̀ níbí."

Mo fi í sínú báàgì mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n sun ibẹ̀, kí n má padà lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí àwa méjèèjì ò bá padà, ọkùnrin náà á jálẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo pe ọkọ mi, ó bínú sí mi gan-an, ó ní òun á pe Ìyá onílé báyìí-báyìí. Mo wọ mọ́tò.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Ó dúró ní géètì.

"Màdáàmù, ìyàwó mi dà?"

Mo ti gbà lọ́kàn pé màá ní ara rẹ̀ ò yá, pé á dé lọ́la. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, irọ́ náà ò jáde. Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ni màá fi ti ara mi mọ́bẹ̀. Ó wọlé tẹ̀ lé mi kí n tó yíjú padà, ó sì fa ilẹ̀kùn sẹ́yìn.

Ó jókòó sórí àpótí tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó lé. Ó nawọ́, ó yọ ọ̀bẹ kan lára ògiri, ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀.

"Iṣẹ́ yín dára o," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó sá lọ?"

"Mi ò kọ́ ọ."

"Mo yá yín ní ìyàwó mi. Ohun téèyàn bá yá, ó máa ń dá a padà."

Báàgì mi wà ní èjìká mi, ọwọ́ mi sì wà nínú báàgì. Mi ò rántí ìgbà tí mo kì í bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi ti kan èèkù ọ̀bẹ yẹn. Mò ń bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ìdáhùn tó sì wá sí mi lọ́kàn ni ti Ìyàwó: mi ò tíì mọ̀. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀bẹ náà lọ́wọ́.

"Ta ló tilẹ̀kùn yìí?"

Ìyá onílé ni. Kò dúró de ìdáhùn, ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Arúgbó ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í sábà rìn dé ẹ̀yìn ilé. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀."

"Màmá, iṣẹ́ wọn ni mò ń wò."

"Mo ní kó o gbé e sílẹ̀." Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sáàárín àwa méjèèjì, lórí èérún awọ, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún gbọọrọ. "Mi ò ní dìde níbí títí wàá fi jáde. Bó o bá fẹ́ kọjá, gba orí mi kọjá."

Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà bó ṣe ń bà mí, ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀bẹ náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ lásán là ń sọ. Ó jáde. Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún. Ìyá onílé ní kí n fún òun lómi. Nígbà tó mu ún tán, ó ní, "Èmi ni mo ní kí ọmọ yẹn fara dà á."

Ó lé ọkùnrin náà jáde kí oṣù yẹn tó parí. Mo gbọ́ pé ó lọ sí Ifọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọkùnrin àdúgbò ibẹ̀ kò jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó ṣì wà níbẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń ránṣọ. Bí mo bá lọ ra irin, mo máa ń yà kí i. Ó ti sanra. Ó ń sọ̀rọ̀ gan-an báyìí, tí mi ò bá ṣọ́ra, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀rù náà kò tíì kúrò lára mi. Ọkọ mi fi irin sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ bí típà bá dúró lójú pópó wa, òòlù á já lọ́wọ́ mi. Láìpẹ́ yìí, mo sọ̀ ní Ìbafò láti ra nǹkan kan. Bí mo ṣe yíjú, òun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ra búrẹ́dì. Ó ti rù díẹ̀. Ó tẹríba fún mi.

"Màdáàmù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé ńkọ́?"

Mo dá a lóhùn pé dáadáa ni. Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó sọdá títì, ó sì lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà, mi ò sì rántí mọ́.